Yèyé Ìbídùn àti Àwọn Ọmọ Olóde

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà máa pariwo. Ohùn mi kò lágbára mọ́, eékún mi kò lágbára mọ́, àga yìí pàápàá ti gbó bí èmi tí mo jókòó sínú rẹ̀. Ẹ bi mí láàárọ̀ pé kí ló dé tí ikọ́ tó gbé gbogbo ilé yìí ṣubú kàn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin tí egungun yín ṣì le lẹ dùbúlẹ̀, èmi arúgbó ni mò ń se omi gbígbóná fún yín. Ẹ ní ó ní láti jẹ́ pé mo ní oògùn kan tí mo fi pamọ́. Oògùn wo? Bí mo bá ní oògùn, ṣé orúnkún yìí kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ lò ó fún? Ó lè jẹ́ pé èmi àti ikọ́ náà, tàbí ẹbí rẹ̀ kan, ti pàdé rí, lọ́dún tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú yín láyé. Orí mi ti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbàgbé. Ara a máa ní ìrántí tirẹ̀, kì í sì í sọ fún ẹni tó ni ín.

Àmọ́ ìrántí ara ní ibi tó mọ. Ohun tó mú mi rántí Yèyé Ìbídùn nìyẹn, àbúrò ìyá mi, tí ẹ kò bá láyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn. Mi ò lè to ọ̀rọ̀ mọ́ bí mo ṣe ń tò ó nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ níwèé.

Adó tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni Adó ìgbà náà. Ní Adébáyọ̀ níbí, tí mọ́tò àti ọ̀kadà ń du ọ̀nà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lónìí, igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé, àparò a sì máa ké ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, odó ni ẹ máa gbọ́. Agboolé kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbà á, ọmọ odó méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, wọn á máa gba ohùn lẹ́nu ara wọn títí gbogbo àdúgbò yóò fi kún. Bí mo bá ti ilé-ìwé bọ̀, tí ẹsẹ̀ ń dùn mí, ohùn odó yẹn ló máa ń sọ fún mi pé mo ti délé. Lónìí ẹ̀rọ ló ń gúnyán. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́, iyán ti kúnná. Mi ò bá a jà. Apá tó ń gún ti èmi náà kò sí mọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí odó kì í dún. Bí ara ọmọ kan bá gbóná, tí nǹkan sì ń yọ sí i lára, a óò da ojú odó délẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà agboolé. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó rí i, yóò mọ̀. Yóò rọra gbẹ́sẹ̀, kò ní kígbe kí ẹnikẹ́ni, bó bá sì ní ọmọ jòjòló lẹ́yìn, yóò gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn àgbà sọ pé Olóde kò fẹ́ ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ jẹyán nínú wa á gbé iṣu rẹ̀ tó ti sè lọ sí agboolé ẹlòmíràn lọ gún un. Ẹ rò ó wò, agboolé Èkìtì tí odó rẹ̀ kò dún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn a máa wọni lára ju ariwo lọ.

Olóde ni a ń pe ṣànpọ̀nná. Kìrìsítẹ́nì ni wá o, bàbá mi ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pe orúkọ yẹn lọ́sàn-án gangan nílé wa. Bàbá mi á ní Jésù ju gbogbo rẹ̀ lọ, á sì rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ohunkóhun mìíràn tó bá ń gbóná tó sì ń yọ sára, ọmọ Olóde la kà á sí. Èéyi, ọmọ Olóde ni. Èyí tó máa ń yọ omi wẹ́wẹ́ sára ọmọdé, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ọmọ Olóde ni. A gbà pé bàbá kan náà ló bí gbogbo wọn, pé ẹni tó bá ti mọ bàbá kò ní í bẹ̀rù ọmọ. Bí a ṣe ń rò nìyẹn, ó sì dà bí ọgbọ́n lójú wa.

Yèyé Ìbídùn ti mọ bàbá. Ojú rẹ̀ dà bí ilẹ̀ eléruku tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí, àpá kò fi ibì kankan sílẹ̀, láti iwájú orí títí dé ọrùn. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin ni Olóde kí i. Wọn kì í jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín ìlú, torí náà wọ́n gbé e lọ sí abà kan lójú ọ̀nà Ìjàn, ìyá ìyá rẹ̀ tí òun náà ti ní àpá lójú ló sì bá a lọ. Ẹni tó ti ṣe é rí ló ń tọ́jú ẹni tó ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré kò dá a mọ̀, ìyá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sọ fún mi pé òun pàápàá sá wọ inú yàrá.

Ó dàgbà, ó mọ iṣẹ́ ilé, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Àwọn tó bá wá tọrọ rẹ̀ a máa jókòó sí pálọ̀, wọn a máa wo ìyá mi tó gbé omi wá, wọn a sì yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbẹ̀yìn, olóko kòkó kan ní ọ̀nà Oǹdó fẹ́ ẹ. Ó wà lọ́hùn-ún fún ọdún púpọ̀, kò bímọ. Lọ́jọ́ kan ó kàn dé ilé wa pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, ó gbá yàrá ẹ̀yìn, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. A kò bi í.

Ìgbà náà ni ojú tí àwọn ọkọ kọ̀ wá di ohun tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wá kiri. Bí èéyi bá ti wọ ilé kan, òun ni wọn á sáré wá bá. Wọn á kúnlẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ní mọ́tò, àwọn aya tíṣà àgbà, wọn á kúnlẹ̀ fún Yèyé Ìbídùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn á ní, "Yèyé, ẹ dákun, ẹ bá wa wò ó." Á di gèlè rẹ̀ dáadáa, á mú ìgò àdín rẹ̀, á máa bá wọn lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá ní kó ṣọ́ra. Á ní, "Ulé tí Olóde bá ti jẹun rí, ọmọ rẹ̀ éè tún tọrọ omi níbẹ̀." Nígbà náà nìkan ni mo máa ń rí i tó gbé ojú rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn rí i.

Ẹní ńlá kan ló máa ń tẹ́ sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà. Ọmọ tó ń ṣàìsàn á wà lórí rẹ̀, àwọn ìyá mìíràn á sì tún kó ọmọ tiwọn wá, kí wọ́n jọ sùn pọ̀, kí wọ́n ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú yín lónìí, ìwà wèrè ni. Lójú wa, gbèsè tí ọmọ gbọ́dọ̀ san ni, ó sì sàn kó san án lábẹ́ ojú ẹni tó mọwọ́ rẹ̀. Ewé dóńgóyárò ló fi ń wẹ̀ wọ́n, àdín ló fi ń pa wọ́n, ẹ̀kọ tútù ló ń fún wọn mu. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan àgbàdo nítòsí, torí èèwọ̀ Olóde ni. Ọmọ tó bá ń họra, á fi àkísà wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé iyán ni òun fẹ́, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ìyá rẹ̀ dà? Kó wá mú ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá, uyán ló ń dún lẹ́nu ẹ̀."

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Táyé, ìpáǹle ọmọ ni. Nígbà tí ọdún Kérésì kù dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá bọ́ sílẹ̀ lójú fèrèsé, kò wọṣọ, àdín ń dán lára rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ àárín ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ ò tíì rí ibi tí àwọn àgbà ti ń fo àga rí. Ọ̀gá akọrin ló kọ́kọ́ sá, ìwé orin lọ́wọ́. Yèyé Ìbídùn ló lọ gbé ọmọ náà lórí pẹpẹ níbi tó jókòó sí, ó ní ó kúkú ti rí ibi tí wọn kò ti ní lé e. A fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn èéyi, kì í jẹ́ kí ọmọ jáde sáàárín èrò kíákíá. Á ní èéyi máa ń kó ẹrù inú ilé lọ kó tó jáde, pé ọmọ náà ti di ilé òfìfo, gbogbo ohun tí ara rẹ̀ ti kọ́ ló ti gbàgbé, ikọ́ lásán lè wọlé kó má rí ẹni dá a dúró. Ó di kí ẹran ara ọmọ náà padà kó tó lọ sí ọjà tàbí ilé-ìwé. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà láìpẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí òtítọ́. Gbogbo àwọn tó tọ́jú kọ́ ló dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà. Àìsàn ló ṣe é wò, kò sẹ́ni tó rí t'ọlọ́jọ́ ṣe. Mo ní àwọn ọmọ kíláàsì mi tí àga wọn ṣófo lẹ́yìn ọyẹ́, mi ò ní ka orúkọ wọn fún yín. Nítorí náà bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́, ẹ má rò pé mo ń yìn ín. Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ yín. Ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo fi agbára mi sílẹ̀ sí.

Ó wá di ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú. Rédíò sọ pé ṣànpọ̀nná ti kúrò láyé, pé wọ́n ti wá a káàkiri, wọn kò rí i mọ́. A jókòó sí ìta, a ń gbọ́ ọ. Inú bàbá mi dùn, ó ní kí a kọrin ìyìn. Yèyé Ìbídùn tó ń ṣa ẹ̀wà gbójú sókè, ó béèrè pé, "Ta ló sìn ín sọ́nà?" A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni ńlá kì í lọ láìdágbére.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà gan-an ni ṣíkìnpọ́ọ̀sì wọ agboolé wa. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà tí Yèyé ti padà wálé, èéyi nìkan ló ń bá a pàdé. Fúnmi, ìyá yín, ni ó kọ́kọ́ mú, kò tíì ju ọmọ tó ń fi ọwọ́ mú aṣọ ìyá rẹ̀ rìn lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní ńlá, wọ́n da ojú odó délẹ̀, àwọn ìyá kó ọmọ wọn wá. Ó rọ̀ wọ́n lára. Láìpẹ́ wọ́n ti ń lé ara wọn kiri nínú yàrá, Yèyé ń pariwo mọ́ wọn, inú rẹ̀ ń dùn. Gbogbo wọn ló yè. A gbé odó dúró padà, a gúnyán lọ́jọ́ náà bí ẹni ń ṣọdún.

Lẹ́yìn tí ara àwọn ọmọ ti dá tán, Yèyé ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀gẹ́ òun ní abà ọ̀nà Ìjàn. A kò fura. Ó máa ń lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò padà. Nígbà tó yá, ọdẹ kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí wá sílé wa, ó dúró sí òdìkejì títì, kò wọlé, ó sì kígbe jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní Yèyé ní kí ẹnikẹ́ni má wá. Ó ní Olóde ti padà dé, Yèyé ló sì wá bá. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan ẹní Yèyé, kí a sun ún.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn kan ti di ẹrù, wọ́n ti kó ọmọ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n sun ẹní náà. Bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò bọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa ni pé obìnrin kan ń kú lọ nínú abà, kò sì sí ẹni tó lè lọ fún un lómi. Ẹni tó ti ṣe é rí ló ń tọ́jú ẹni tó ń ṣe é. Nílé wa, òun nìkan ló ti ṣe é rí.

Èmi ni mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Mónìkà. Ará ìjọ Kátólíìkì ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń sunkún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá béèrè pé, "Àǹtí tíṣà, ṣé Yèyé ti ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì rí?"

Mo ní, "Ṣé ẹ ò rí ojú wọn ni?"

Ó ní, "Mo rí i. Ẹni tó ṣe ojú yẹn kọ́ ló wọ ilé yín nígbà ọyẹ́ yìí. Ara dà bí ajá tó ń ṣọ́lé. Olè tó bá ti wọlé rí, ajá á mọ òórùn rẹ̀, kò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Bí olè kejì bá jọ ti àkọ́kọ́ dáadáa, ajá lè gbó òun náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àjèjì pátápátá, ajá á máa wò ó ni. Olóde àti ṣíkìnpọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹbí. Àwa la so wọ́n pọ̀."

Mo ní, "Bó bá jẹ́ Olóde náà ló padà wá ńkọ́?"

"Ibo ló ti máa rí i? Ọmọ ta ló ṣe é lágbègbè yìí? Lára àwọn ọmọ tó ń pa ládìín ló ti kó o." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀ o. Bí àgbà bá ṣe é, kì í rọ̀ ọ́ lára bíi ti ọmọdé. Ó máa ń wọ inú àyà. Ṣé ó ń rí omi mu?"

Mo sáré padà sílé, mo bá ìyá mi nídìí ẹ̀gúsí. Mo bi í bóyá Yèyé ti ṣe elómi wẹ́wẹ́ yìí rí. Ó kọ́kọ́ bínú sí mi pé irú ìbéèrè wo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní nígbà tí òun àti gbogbo ọmọ agboolé ṣe é, Ìbídùn kò sí nílé. Abà ni ó wà, pẹ̀lú Olóde lára. Ó ní èéyi ni ó ti ṣe ní kékeré, ìyẹn ni kò fi mú un mọ́. Mo ní nígbà tí àwa ọmọ wọn ṣe tiwa ńkọ́? Ó ní, "Ó wà nílé ọkọ, lọ́nà Oǹdó."  Ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn náà gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, kò bá a nílé. Gbogbo wa ni a ti ṣe é, ọmọdé àti àgbà, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí a ń rán sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá mi lọ wọ mọ́tò Ìjàn ní ibùdókọ̀ Fájuyì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ìyá mi gbé ògì àti àdín. Dírẹ́bà já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà, a gba inú oko wọlé. Ọyẹ́ ti mú gbogbo ewé gbẹ, bí a ṣe ń rìn ni wọ́n ń rún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, torí náà Yèyé ti gbọ́ wa kí a tó débẹ̀. Ó ti da ojú odó kékeré kan délẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà abà.

Ó ní láti inú ilé pé, "Ta nì yẹn?" Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní, "Èmi ni, Yèyé. Èmi àti Màmá."

"Ẹ dúró níbẹ̀. O lọ́mọ nílé, o éè gbọdọ̀ wọlé. Ẹ gbé omi sílẹ̀, kí ẹ padà."

Ìyá mi ní, "Ìbídùn, Olóde kọ́ ni. Ti àwọn ọmọ ni."

"Ọmọ Olóde éè lè fọwọ́ kàn mí. Baba fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ń lọ, mo sọ fún yín pé éè ní í lọ láìdágbére." Ó tún húkọ́ títí. "Ẹ lọ sí ulé. Mo ti gbé e rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí. Tíṣà ni mí, mo ti gbọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì Mónìkà sọ, ó sì yé mi. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò gbé. Mo ń rò ó pé bí nọ́ọ̀sì bá ṣe àṣìṣe, Fúnmi ni mo máa gbé e lọ bá. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìgbà èwe wọn fún un láti ẹnu ọ̀nà, bí gbogbo wọn ṣe dùbúlẹ̀ nílé pẹ̀lú omi wẹ́wẹ́ lára, bí àga tirẹ̀ ṣe ṣófo nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni o kò ṣe é, àbúrò mi. Ìwọ nìkan ni o kò sí níbẹ̀."  Bí ó ṣe sọ ìyẹn tán ni mo gbẹ́sẹ̀ kọjá odó, mo wọlé.

Ìkòkò omi rẹ̀ ti gbẹ. Ètè rẹ̀ ti bó. Ara rẹ̀ gbóná bí ìdí ààrò, ó sì gbìyànjú láti tì mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní agbára. Mo wo àyà rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, omi mímọ́ nínú wọn. Mo ti fọwọ́ kan irú rẹ̀ lára ọmọ mi lóròòwúrọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Yèyé, ti Fúnmi ni. Ti Fúnmi gan-an ni." Mo fún un lómi, ó mu ún. Ó gbé apá rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó wò ó pẹ́.

Ẹ má fòyà, kò kú. A gbé e wálé, Nọ́ọ̀sì Mónìkà ń wá wò ó, ikọ́ náà pẹ́ lára rẹ̀ kó tó lọ. Ó dàgbà dáadáa kó tó sùn nínú Olúwa. Bí mo bá ń rántí rẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ mí báyìí, kì í ṣe àìsàn náà ni mò ń rántí. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú abà yẹn ni.

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ẹni tó rò pé ikú ló dé, tí wọ́n ní àìsàn ọmọdé ni. Ó gbé apá rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Olóde gba ojú mi. Ó gba ọkọ lọ́wọ́ mi, ulé éè dúró fún mi. Mo ní éè burú, ó kúkú ti san án fún mi. Mo ní kò sí ohun tó tún lè mú mi láyé, pé ìyẹn ni ó fi dí i fún mi." Ó ń mí hẹlẹ. "Ṣé ọ̀nà ara rẹ̀ nìkan ṣoṣo péré ló bá mi dí? Òun tí wọ́n ní éè sí láyé mọ́?"

 Ìyá mi yí ojú sí oko.  Yèyé ń sunkún láìpariwo, ó ní omijé ń ta òun lójú níbi tí omi wẹ́wẹ́ náà ti yọ sí. Mo bu àdín sí àtẹ́lẹ́wọ́, mo ní kó gbé ojú sókè, mo sì rọra ń fi pa á, níwájú orí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò fọwọ́ kan ojú Yèyé Ìbídùn rí.